Ẹ kọ ibi tí jogbo kò sí náà sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ni wá ní ẹ̀yìn Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, a jẹ́ ènìyàn 22. Jogbo, ewé olódòdó yẹ́lò yẹn, ti gba ẹ̀bá títì, ó sì ti ń wọ oko ẹ̀gẹ́ wa àti ilẹ̀ tá a fi sílẹ̀ kó sinmi. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní ká kọ́kọ́ fi fóònù ya máàpù rẹ̀ ká tó gbé àdá. Ṣé kì í ṣe pé a kàn fẹ́ fi àkókò ṣòfò? Bí ó bá wúlò, báwo la ó ṣe ṣe é, kí la ó sì fi máàpù ọ̀hún ṣe? Àti pé, ṣé ọ̀nà kan náà ni wọ́n lè gbà fún ewéko tó bo omi ní Ẹlẹ́yẹlé? (Akọ̀wé ẹgbẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ oko o, akọ̀wé. Òótọ́ lọmọ yín sọ, àmọ́ ó ku ohun kan tó yẹ kó fi kún un. Bó bá jẹ́ ibi tí jogbo wà nìkan lẹ lọ kọ sílẹ̀, ohun tí ojú gbogbo yín ti rí tẹ́lẹ̀ lẹ máa kó sórí fóònù. Ta ló ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ tí kò mọ ibi tó ti di igbó? Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni ibi tí kò tíì dé, àti ibi tí ìdì kékeré kan ti dá hù sí, tó jìnnà sí ìyá rẹ̀. Torí méjèèjì yìí ni máàpù fi wúlò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní agbo jogbo kan wà tó rí roboto, tí àárín rẹ̀ sí etí jẹ́ mítà 10. Ilẹ̀ tó gbà jẹ́ nǹkan bíi mítà 314 níbùú lóròó. Bí etí rẹ̀ bá fi mítà kan sún síwájú lọ́dún, yóò di 380, ìyẹn ni pé 66 ló fi lé. Ẹ wá mú ìdì kéékèèké 25, tí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí etí jẹ́ mítà 2. Bí ẹ bá ro gbogbo wọn pọ̀, 314 kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí etí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sún mítà kan, àpapọ̀ wọn á di 707. 393 ló fi lé, ìlọ́po mẹ́fà ti agbo ńlá. Ewé kan náà ni, ìwọ̀n ilẹ̀ kan náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ tó bá kó gbogbo agbára rẹ̀ sórí agbo ńlá ẹ̀bá títì fi máa ń ṣiṣẹ́ títí tí oko rẹ̀ á ṣì máa kún. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò lóòótọ́, àmọ́ a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí kékeré ọ̀hún wà.

Kẹ́ ẹ tó jáde, kí gbogbo yín ti mọ ewé náà dáadáa. Jogbo (Tithonia diversifolia) wá láti Mẹ́síkò àti àárín Amẹ́ríkà, torí ẹwà òdòdó rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe gbé e káàkiri ayé. Ó máa ń ga tó mítà 2 sí 3. Ewé rẹ̀ ya sí ọ̀nà 3 tàbí 5 bí ọmọ ìka, òdòdó rẹ̀ sì fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Yúnyún náà ní òdòdó yẹ́lò, ṣùgbọ́n òdòdó tirẹ̀ kéré, ewé rẹ̀ kì í ya, kì í sì í ga tó jogbo. Ewé Akíntọ́lá (Chromolaena odorata) ni ẹ ó tún máa bá pàdé: ewé tirẹ̀ ní igun mẹ́ta, iṣan mẹ́ta ló là á láti ìdí bíi fọ́ọ̀kì, ó ń rùn bí ẹ bá fi ọwọ́ ra á, òdòdó rẹ̀ sì funfun tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà ọyẹ́. Àkọsílẹ̀ sọ pé inú irúgbìn igi gmẹ̀línà tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ní 1937 ló fara pamọ́ sí wọ Nàìjíríà. Ẹ fi òun náà sínú fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa lò lórí fóònù, torí ẹsẹ̀ kan náà lẹ fi ń rìn. Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni ti ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, torí pé ewé àkọ́yọ jogbo lè má tíì ya. Fún irú èyí, kí fọ́ọ̀mù ní “kò dá mi lójú”, kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀.

Ọ̀nà tó ń gbà rìn ló máa sọ ibi tẹ́ ẹ máa wá a sí. Irúgbìn rẹ̀ kéré, ó sì fúyẹ́. Àgbàrá ń gbé e, ẹrẹ̀ táyà ń gbé e, yanrìn àti yangí tí típà ń já sílẹ̀ ń gbé e, katapíla tó ń ro ẹ̀bá ọ̀nà náà ń gbé e láti àdúgbò kan sí èkejì. Igi rẹ̀ tútù tí wọ́n bẹ́ jù sórí ilẹ̀ ọ̀rinrin sì lè ta gbòǹgbò. Nítorí náà, ẹ wo ibi tí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ń da yanrìn sí, ẹnu ibi tí gọ́tà ti ń tú omi sínú oko, etí ìṣàn omi, àyíká ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, àti ilẹ̀ tí wọ́n ti tú láyìíká ibùdókọ̀ ojú irin Mọ́níyà. Ẹ wo ibi tí àwọn ará yín ń bẹ́ ẹ dà sí pẹ̀lú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ gan-an ni agbo tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó. Ẹ lọ ní oṣù kọkànlá, nígbà tí òdòdó rẹ̀ ti là, tí ojú ń rí i láti òkèèrè, tí òjò sì ti dáwọ́ dúró. Ẹ padà lọ ní oṣù karùn-ún láti wá àwọn ọmọ tó hù lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lágbára yín mọ, ti oṣù kọkànlá ni kẹ́ ẹ mú.

Ó wá kan fóònù. Áàpù KoboCollect tàbí ODK Collect, tí wọ́n fi ń kọ fọ́ọ̀mù lórí fóònù, tó, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà lóko. Dátà tẹ́ ẹ máa fi fi iṣẹ́ ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ nìkan lẹ nílò. Kí ọmọ yín ṣe fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo fún gbogbo ẹgbẹ́. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò pọ̀: ọjọ́, orúkọ ẹni tó ń kọ ọ́, irú ewé, ojúkò gan-an (nọ́ńbà méjì tí GPS fóònù fi ń sọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí), ìdáhùn “wà” tàbí “kò sí”, gígùn àti fífẹ̀ agbo náà, ìwọ̀n ilẹ̀ tó bò, ìpele tó wà (ọmọ, ewé lásán, òdòdó tí kò tíì là, òdòdó tó là, orí gbígbẹ), irú ilẹ̀ (ẹ̀bá títì, oko, ilẹ̀ tó ń sinmi, etí omi, àgbàlá), àti fọ́tò 3: gbogbo igi, ewé kan, òdòdó kan pẹ̀lú bírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí èèyàn lè mọ bó ṣe tóbi tó. Irú ewé gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ń yàn, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tẹ̀. Bí ẹ bá gbà kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan á kọ jogbo, èkejì á kọ sunflower, ẹ̀kẹta á ṣì í kọ, kọ̀ǹpútà á sì kà wọ́n sí ewé mẹ́ta. Fún ìwọ̀n ilẹ̀ tó bò, ẹ lo ìpele mẹ́fà: òdo, kò tó 5 nínú 100, 5 sí 25, 25 sí 50, 50 sí 75, ó lé ní 75. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ “37”, torí kò sí ojú tó lè fi ìdúró mọ ìyàtọ̀ 37 sí 42.

Rírìn náà nìyí. Ní ẹ̀bá ọ̀nà, etí omi àti ọ̀nà oko, ẹ dúró ní mítà 50-50. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ wo mítà 10 sápá ọ̀tún àti mítà 10 sápá òsì, kẹ́ ẹ sì dáhùn. Ibi tí kò bá sí jogbo, ẹ yan “kò sí” kẹ́ ẹ tó kọjá. Èyí ló máa ń sú àwọn ọ̀dọ́ jù lọ, òun náà sì ni iṣẹ́ ọ̀hún dúró lé. Bí àyè bá ṣófo lórí máàpù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ẹ dé ibẹ̀ tí ẹ ò rí nǹkan, tàbí ẹ ò débẹ̀ rárá. Lọ́dún tó ń bọ̀ tí jogbo bá wà níbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, tàbí ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ènìyàn méjì-méjì ni kó máa rìn, ọ̀kan ń wò, ọ̀kan ń tẹ̀. Kìlómítà 4 ní mítà 50-50 jẹ́ ojúkò 81. Bí ẹ bá lo ìṣẹ́jú 2 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìrìn ẹsẹ̀, ó tó wákàtí mẹ́rin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago méje kí oòrùn tó mú. Bí méjì-méjì bá jẹ́ ọ̀nà márùn-ún, ẹ ti rí kìlómítà 20 láàárọ̀ kan.

Láti mọ bó ṣe wọnú oko tó, ẹ ta okùn mítà 100 láti etí títì wọnú oko. Ní òdo, 5, 10, 20, 50 àti 100, ẹ gbé férémù oníhò tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, sílẹ̀, kẹ́ ẹ ka igi àti ọmọ jogbo tó wà nínú rẹ̀. Okùn mẹ́ta ó kéré tán fún oko kan. Páìpù omi gígé mẹ́rin àti ẹ́bò ni ẹ ó fi ṣe férémù, àmọ́ ẹ má lẹ apá kan mọ́ra: férémù tó ti pa dé kò lè gba orí jogbo tó ga ju ènìyàn lọ kọjá dé ilẹ̀. Ẹ ti apá mẹ́ta wọlé láti ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ wá fi ìkẹrin dí i.

Àwọn àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ kò ju mélòó kan lọ, ibi kan náà sì ni wọ́n ti ń wá ní gbogbo ìgbà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ìkánjú. Bí fóònù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ojúkò tó rántí gbẹ̀yìn ló lè gbé fún yín. Ẹ dúró títí tí fóònù yóò fi fi hàn pé àṣìṣe rẹ̀ kò ju mítà 5 lọ. Ní gbangba, kì í ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ. Lábẹ́ kòkó tàbí igi tíìkì, ó lè má kúrò ní 10 tàbí 15. Ẹ bọ́ sí ibi tí ojú ọ̀run ti hàn, kẹ́ ẹ sì kọ iye ìṣísẹ̀ àti apá ibi tí agbo náà wà sí yín. Inú agbo tàbí etí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró, ẹ má dúró lórí títì kẹ́ ẹ máa nawọ́ sí i.

Èkejì ni kí nọ́ńbà méjèèjì tó ń sọ ojúkò gbapò ara wọn. Mọ́níyà wà ní nǹkan bíi 7.5 sí àríwá àti 3.9 sí ìlà-oòrùn. Bí ẹ bá yí wọn padà, gbogbo oko yín á já sínú òkun nísàlẹ̀ Bonny. Bí ẹ bá rí ojúkò nínú omi, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má gé nọ́ńbà kù, nítorí nọ́ńbà kẹrin lẹ́yìn àmì (.) dúró fún nǹkan bíi mítà 11, ìkarùn-ún sì dúró fún bíi mítà kan. Ẹ̀kẹta, ẹ má fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp pẹ̀lú èrò pé ojúkò wà nínú rẹ̀. WhatsApp máa ń yọ ọ́ kúrò, á sì tún fún fọ́tò náà pọ̀. Ẹ̀kẹrin, Excel lè ka 05/11 sí ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún, nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ bí 2025-11-05. Ẹ sì má gbàgbé láti kí baálẹ̀ àti olóko kẹ́ ẹ tó wọlẹ̀ wọn. Ẹ wọ bàtà òjò, torí ejò fẹ́ràn abẹ́ jogbo.

Lórí kọ̀ǹpútà, QGIS, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń ya máàpù, ló máa ṣe ìyókù. Ẹ gbé gbogbo ojúkò wọlé bíi WGS 84 (ìlànà tí GPS fóònù ń lò), kẹ́ ẹ wá yí wọn sí ìlànà UTM ìpín 31 àríwá (nọ́ńbà rẹ̀ nínú QGIS ni EPSG 32631) kí ìwọ̀n lè jẹ́ mítà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ìwé ìwọnlẹ̀ àtijọ́ lé e, ẹ kíyè sí i: Minna, ìlànà ìwọnlẹ̀ Nàìjíríà àtijọ́, ni ọ̀pọ̀ wọn lò. Bí ẹ ò bá sọ èyí fún QGIS, ààlà oko yín lè fi ohun tó lé ní mítà 100 yẹ̀ kúrò ní ojú ibẹ̀. Ẹ kun “kò sí” ní eérú, ẹ kun “wà” ní yẹ́lò gẹ́gẹ́ bó ṣe bò tó. Ẹ wá fa òbíríkítí mítà 100 yí gbogbo agbo ńlá ká. Jogbo tó bá dá wà lẹ́yìn òbíríkítí yẹn ni iṣẹ́ yín àkọ́kọ́. Láàárín wọn, èyí tó wà lókè omi ṣíwájú èyí tó wà nísàlẹ̀, torí òkè ni àgbàrá ti ń kó irúgbìn bọ̀. Ẹ tẹ máàpù náà sórí bébà ńlá, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi ìpàdé. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ tí kì í fọwọ́ kan áàpù á fi ìka tọ́ka sí ibi mẹ́ta tẹ́ ẹ gbójú fò.

Ní ti pípa á, oṣù ló ṣe pàtàkì jù. Ní oṣù kọkànlá, lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti rí àwọn tó dá wà, ẹ gé orí òdòdó wọn sínú àpò. Èyí tó bá ti gbẹ, ẹ fi àpò bò ó kẹ́ ẹ tó gé e, nítorí bí àdá bá kàn án, ó ti tú ká. Inú àpò ni kó gbẹ sí títí dìgbà tẹ́ ẹ ó jó o nínú ihò. Ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ gbalasa kọjá láàárín oko. Ẹ má fi iná sun agbo tó dúró: iná á tàn wọ oko nígbà ọyẹ́, ìdí jogbo á sì tún rú lẹ́yìn òjò. Ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, tí ilẹ̀ bá rọ̀ tí ọ̀mùnú sì ń yọ, ẹ fi ọkọ́ wú kùkùté rẹ̀ tòun ti gbòǹgbò. Bíbẹ́ lásán ò tó, torí èyí tó jẹ́ igi kan tẹ́lẹ̀ á fi mẹ́ta mẹ́rin dáhùn. Ibi tí wíwú ò bá ti ṣeé ṣe, ẹ bẹ́ ẹ mọ́lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 títí di oṣù kẹsàn-án kó má bàa rí àyè yọ òdòdó. Ẹ tò ó sórí àpáta tàbí tapólì kó gbẹ. Àwọn ọmọ tó hù ní oṣù karùn-ún kò le, ọkọ́ kan á pa wọ́n. Irúgbìn tó ti wà nínú ilẹ̀ á ṣì máa hù, nítorí náà, ẹ padà sí ojúkò kan náà fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Oògùn apako kò yẹ létí omi àti kànga, fún àwọn ìdì kéékèèké sì rèé, ọkọ́ yá ju oògùn lọ.

Agbo ńlá ẹ̀bá títì ńkọ́? Ẹ má gbìyànjú láti pa á tán lọ́dún yìí. Mítà 5 tó kọjú sóko yín nìkan ni kẹ́ ẹ máa bẹ́ kó tó yọ òdòdó, kẹ́ ẹ sì fi máàpù yín lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé fún ìyókù. Èyí tẹ́ ẹ bẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ewé jogbo gbígbẹ ní náítírójìn tó nǹkan bíi 3.5 nínú 100 àti pòtásíọ̀mù tó bíi 4. Ewé àti ẹ̀ka rírọ̀ tútù tó nǹkan bíi kílò 2.5 sí 3 fún mítà kan níbùú lóròó, tẹ́ ẹ bá rò ó mọ́ ilẹ̀, jẹ́ ajílẹ̀ gidi fún àgbàdo lákòókò tí owó ajílẹ̀ ilé iṣẹ́ ga báyìí. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ewé tí kò tíì yọ òdòdó, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì nínú ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbìn, torí omi ara rẹ̀ lè má jẹ́ kí irúgbìn hù dáadáa. Mo bẹ̀ yín, ẹ má torí èyí gbìn ín.

Ilẹ̀ tó bá ṣófo lẹ́yìn tẹ́ ẹ wú u, jogbo ló máa kọ́kọ́ padà síbẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀. Kí ẹ̀gúsí tàbí ànàmọ́ ti bo ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí òjò bá dé. Láàárín ẹ̀gẹ́, ẹ̀gúsí ṣì ni mo máa yàn.

Ewé tí ẹ̀rí ọkàn yín kò gbà pé ẹ mọ̀, ẹ gé ẹ̀ka kan tòun ti òdòdó, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin kó má bu. Ẹ kọ ọjọ́ àti ojúkò mọ́ ọn, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ibi ìpamọ́ ewé gbígbẹ ti ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó (FRIN) ní Jẹ́ríkò. Ìbàdàn ní àǹfààní yìí, tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní.

Ti Ẹlẹ́yẹlé yàtọ̀. Ewéko àjèjì tó léfòó lómi yẹn, water hyacinth, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Apá Badagry ni wọ́n ti kọ́kọ́ kíyè sí i ní Nàìjíríà ní 1984. Kì í ṣe ojú oró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà: ìdí ewé rẹ̀ wú bíi bọ́ọ̀lù, òdòdó rẹ̀ sì jẹ́ elésè-àlùkò. Atẹ́gùn lè gbé e kúrò ní èbúté kan lówùúrọ̀ dé èkejì nírọ̀lẹ́, nítorí náà, ojúkò tẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ mú kò ní pẹ́ kó tó di àná. Àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2 ló bá a mu. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń kọjá ní bíi ọjọ́ márùn-ún síra, ojú kan rẹ̀, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù nínú àwòrán náà, sì jẹ́ mítà 10, àmọ́ ìkùukùu òjò máa ń bo ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ojú mítà 10 yìí náà ni kò fi lè rí jogbo tó dá wà lóko yín. Ẹsẹ̀ nìkan ló lè rí ìyẹn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó ń bọ̀, ẹ padà sí àwọn ojúkò kan náà, ẹ kọjú fọ́tò sí apá kan náà. Àwọn tẹ́ ẹ dé lọ́dún méjèèjì nìkan ni kẹ́ ẹ fi wéra: èyí tó jẹ́ “kò sí” tó di “wà” ni ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, èyí tó jẹ́ “wà” tó di “kò sí” ni èrè ọkọ́ yín. Ibi tí odò kún tàbí tí wọ́n ti mọ ògiri yí ká, ẹ má kọ “kò sí” síbẹ̀ torí kí fọ́ọ̀mù lè pé. Ẹ fi ìdáhùn kẹta sínú fọ́ọ̀mù náà láti ìbẹ̀rẹ̀: “a ò débẹ̀”.